Bọ́tìnnì Ìsàlẹ̀ Kóòtù Bàbá Rẹ

Oyèlékè,

Mo ti lọ sí Oǹdó lọ wo ibi tí wọ́n ń gbẹ́ sàréè dé. Jẹun kó o tó jáde, mi ò fẹ́ àwíjàre.

Kóòtù tí a ó fi sin bàbá rẹ ni mo gbé kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí. Gbé e lọ sí mọ́ṣúárì. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má de bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ rẹ̀, bíi tàwọn òyìnbó inú fíìmù àtijọ́ rẹ̀. O rántí bó ṣe máa ń pariwo bí mo bá ti de é lọ́jọ́ Ìsinmi: "Ìyá Oyè, o tún ti sọ mí di ará oko!"

Láàárọ̀ yìí, mo lọ̀ ọ́ tán, mo mọ̀ọ́mọ̀ de gbogbo rẹ̀, mo wá dúró, bóyá màá gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bá mi tú u. Ọwọ́ mi kọ̀.