Ilẹ̀ Tí A Ń Tọrọ Lẹ́yìn Mọ́ṣáláṣí

Ojúlé Kọkàndínlógún,
Ọ̀nà Ìdìrókò,
Ìyànà Ìyẹsí, Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Mùíbátù mi, ọ̀rẹ́ àtilé-kéú,

Àsàlámù aléékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ń le? Bàbá Waliyullah ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fàyè gbà wọ́n láti máa rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí? Waliyullah àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ìbejì wọn ńkọ́, àwọn tí o ní wọ́n ti já gbogbo okùn inú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ dànù? Mo kí gbogbo yín. Èmi náà wà láàyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ iṣẹ́ òkú wíwẹ̀ tí mo ń ṣe, ìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

Má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ pé mo kọ lẹ́tà. Kò sẹ́ni tó kú nínú àwọn tí o mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé fóònù láti pè ọ́ tí mo tún gbé e sílẹ̀, torí mo mọ ara wa: bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ẹ̀rín la máa rín títí káàdì á fi tán, ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì ní jáde. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́, tí mo sì fi rán onímọ́tò Ìlọrin ní gáréèjì Sango.

Mo gbọ́ pé Rauf, àbúrò rẹ, ti pè ọ́, ó sì ti sọ fún ọ pé ìjọ mọ́ṣáláṣí wa ní Ìjù fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá yín. Kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ṣì í ṣe. Lóṣù tó kọjá, ìjọ jókòó, a ní kí á tọrọ igun ilẹ̀ yín tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kí á fi kọ́ ilé tí a ó ti máa wẹ òkú. Tísà Ṣọládé, akọ̀wé wa, ará Ìjẹ̀bú tó fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ, ló ní òun á tẹ ìwé tí a ó fi tọrọ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ojú ewé mẹ́rin, òǹtẹ̀ mẹ́ta, àwòrán ilé lẹ́yìn, èdè òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ fún Bàbá Àmọ̀dá, àbúrò bàbá yín, gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, wọ́n sì ní kí Bàbá buwọ́ lù ú níbi tí wọ́n fa ìlà sí.

Bàbá kò tilẹ̀ ṣí i. Wọ́n ní, "Ṣé ọ́fíìsì ni mí ni? Ẹ̀yin tí mo mọ ilé tí wọ́n bí yín sí, ẹ ò lè gbé obì dání láàárọ̀ kùtù kẹ́ ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀? Ìwé lẹ fi ń tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí Ọ̀ṣìnúbí?" Wọ́n tún béèrè bóyá Mùíbátù ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún ọ nínú wa. Ìwọ ni àkọ́bí bàbá rẹ, ìwọ gan-an ló yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́, ẹnu mi ló sì yẹ kí o ti gbọ́ ọ.

Ojú ló ń tì mí, Mùíbátù. Láti ìgbà tí a ti ń ṣọ̀rẹ́, n kò tọrọ ohun kan rí lọ́wọ́ rẹ tó ju abẹ́rẹ́ àti okùn lọ. Mo rò pé bí ìjọ bá kọ̀wé, á dà bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo ń bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà, má bínú sí ìjọ, èmi ni kí o bá wí. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé Tísà kò sọ wà, òun ni mo fẹ́ kí o gbọ́.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ilé tí mo ń gbé, Fáìzàh lorúkọ rẹ̀. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá, lọ́nà Igbesa, ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í jáde láìbo orí. Kódà lábẹ́ fìlà tí wọ́n ń fún wọn dé níbi iṣẹ́, ó ṣì ń wé nǹkan. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá a gbé, n kò rí irun orí rẹ̀ rí. Nínú oṣù kẹjọ, ó lọ bímọ. Ẹ̀jẹ̀ dà, òun àti ọmọ kò padà wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Àwọn òbí rẹ̀ wà ní Ìmẹ̀kọ, ọ̀nà jìn, a sì gbọ́dọ̀ sin ín lọ́jọ́ náà. Rùfáì, ọkọ rẹ̀, fi kórópe gbé òkú wálé kí a lè wẹ̀ ẹ́. Lándílọ́ọ̀dù dúró sẹ́nu géètì, kò jẹ́ kí ọkọ̀ wọlé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, òun náà ń sunkún. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣàánú mi, gbogbo ilẹ̀ ni mo ti fi sìmẹ́ǹtì bò. Ibo lomi ẹ̀ fẹ́ gbà? Inú gọ́tà ló máa gbà lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn. Tẹ́náǹtì mi ò ní ku ẹyọ kan." Òótọ́ ló sọ. O mọ̀ pé a máa ń gbẹ́ kòtò fún omi tí a fi wẹ òkú, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́. Ibo la ti fẹ́ gbẹ́ ẹ? Ọgbà mọ́ṣáláṣí pàápàá, nígbà tí wọ́n fẹ títì lójú, wọ́n gé e débi pé kò ku ilẹ̀ tí adìyẹ lè jẹ̀ lórí rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì ni a ti wẹ Fáìzàh. Obìnrin mẹ́jọ ni wá: àwa méjì ń wẹ̀ ẹ́, àwọn mẹ́fà na ìró yí wa ká. Èmi ni mo wà níbi orí. A ti wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ku ẹ̀ẹ̀kẹta tí a ó po káńfọ̀ sí, ni tírélà kan bá sáré kọjá. Atẹ́gùn rẹ̀ já ìró gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó wà ní ìhà títì. Ọlọ́kadà mẹ́ta àti odindi èrò inú ọkọ̀ kan ló wo ohun tí ọkọ rẹ̀ nìkan lẹ́tọ̀ọ́ láti wò. Mo da ara mi bò ó. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Nígbà tí mo gbé orí sókè, mo rí Rùfáì tó kọjú sí títì, tó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dá gbogbo ọkọ̀ dúró.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ni búlọ́ọ̀kù fọ́ gbogbo èyí tó sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fi búlọ́ọ̀kù tí omi òkú kàn kọ́ ilé. N kò bá a jà, ṣùgbọ́n mo sunkún dé ilé.

Èmi ni mo wẹ ìyá tó bí ọ, o mọ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín la gbẹ́ kòtò sí, ibẹ̀ pa rọ́rọ́, a kò kánjú. Rauf ti kọ́ yàrá mẹ́fà sí ẹ̀yìnkùlé náà báyìí. N kò dá a lẹ́bi. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé Ọ̀tà ló ti di yàrá, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n sì ń gbé inú wọn. Àwọn náà ń kú, Mùíbátù. Àwáyé-ìkú kò sí.

Ohun tí a ń tọrọ kò ju ìdajì pulọ́ọ̀tì lọ, ní igun tí igi káṣú wà. Yàrá méjì la fẹ́ kọ́, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, kí ẹnu ọ̀nà wọn má kọjú síra. Pèpéle oníkọnkéré á wà ní àárín, omi ẹ̀rọ á wà, ṣọkawéè tó jinlẹ̀ á sì wà tí omi náà á máa wọ̀ láìdé gọ́tà ẹnikẹ́ni. Ògiri rẹ̀ á ga. Àwọn bíríkìlà àti wẹ́dà inú ìjọ ní àwọn kò ní gba owó iṣẹ́, àwa obìnrin Àsàlátù sì ti ra iyanrìn, ó ti wà nílẹ̀. Onílé o, àjèjì o, Mùsùlùmí tí kò bá ní ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni wọ́n á gbé e wá, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti Ọ̀ṣìnúbí. Bí a bá fi ṣe ohun mìíràn, kí ẹ gbà á padà, a ó sọ bẹ́ẹ̀ níwájú Lèmọ́mù. Sàráà tí kì í tán ni yóò jẹ́ fún bàbá yín, nítorí gbogbo ẹbí òkú tí a bá wẹ̀ níbẹ̀ ni yóò máa ṣàdúrà fún wọn.

Mo mọ̀ pé Rauf ti ń bá ilé-iṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ tó fẹ́ háyà gbogbo ilẹ̀ náà kí tírélà wọn lè máa gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló ń rán níwèé, n kò fẹ́ kí ó rò pé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu òun. Ṣùgbọ́n iwájú ilẹ̀ ni ọkọ̀ nílò. Kò sí tírélà tó lè yí kọ́nà dé ìdí káṣú yẹn. Mo mú un débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wò ó títí, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n Àdìzát, dẹ́rẹ́bà wo ló máa fẹ́ páàkì síbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú?" Mo ní dẹ́rẹ́bà náà ń kú, Rauf. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ohun tí ìwọ bá sọ lòun á tẹ̀ lé.

Àwa náà ti tún ìwà wa ṣe. Ní Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èmi àti Lèmọ́mù àti Tísà Ṣọládé gbé obì lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àmọ̀dá. Tísà dọ̀bálẹ̀ tòun ti kóòtù; ó yẹ kí o wà níbẹ̀. Bàbá gba obì, wọ́n ní ó ti wá di ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n ní ẹbí máa jókòó ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, ohun tí Mùíbátù bá sì sọ ni abẹ́ gé. Bí o bá lè wá, jọ̀ọ́, wá. Bí kò bá ṣeé ṣe, pe Bàbá ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé rárá lo fẹ́ sọ, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Á dùn mí, n kò ní parọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n a ó ṣì máa ṣọ̀rẹ́.

Bá mi kí Bàbá Waliyullah dáadáa. Gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Sọ fún Hàlímọ̀tù aládùúgbò rẹ pé mo rí ọṣẹ tó fi ránṣẹ́ gbà, Ọlọ́run á bù kún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ìyàwó Alùfáà ilé-kéú wa kú, tí wọ́n lé àwa ọmọdé kúrò lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, tí a lọ jókòó sábẹ́ igi káṣú yẹn gan-an? Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wá. Ìwọ lo dá a lábàá, kì í ṣe èmi. O ní ẹni tó bá kọ́kọ́ kú nínú wa, èkejì ni kó wẹ̀ ẹ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó. A fi ìka kọ́ ìka. N kò gbàgbé, mo sì mọ̀ pé ìwọ náà kò gbàgbé.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi dàgbà jù ọ́. Yàrá kan ni mo ní, nínú ilé tí wọn kò jẹ́ kí òkú Fáìzàh wọ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ lọ́jọ́ kan pé Àdìzát ti lọ, mo mọ̀ pé wàá wọ ọkọ̀ ní Ìlọrin, wàá sì dé kí wọ́n tó sin mí. Mùíbátù, níbo lo máa ti wẹ̀ mí?

Èmi ni, ẹni tí ẹ jọ fi ìka kọ́ ìka,
Àdìzát Fọláwẹwọ́.