Kí Ẹ Tó Fọwọ́ sí Fọ́ọ̀mù Níní

Màmi,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì mú fọ́ọ̀mù Níní lọ sí ilé-ìwé inú bébà ìpolówó aláràbarà yẹn. Bọ̀dá Rilwan tó bá wọn tẹ bébà náà ní Ṣómólú fi mí rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí: "Rashidat, àwòrán láíbìrì yẹn lo gbà gbọ́? Òun kan náà ni mo fi sí ti ilé-ìwé mẹ́ta!"

Mo bá mú Níní lọ sí ti ìjọba ní Bàrígà, èyí tí ẹ ò fẹ́ nítorí páànù rẹ̀ tó dípẹtà. Màmi, ìwé kún yàrá kan níbẹ̀ dé àjà! Àwọn ọmọbìnrin ń kàwé, gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ kan rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ wọ bàtà yín, kì í ṣe mọ́ṣáláṣí." Kí n tó wọ̀ ọ́ tán, Níní ti jókòó, ó ti ṣí ìwé.

Fọ́ọ̀mù tibẹ̀ wà lábẹ́ àwo oúnjẹ yín yìí, ìbuwọ́lùwé yín ló kù. Aago méjì ọ̀sán òní ni wọ́n á ti ọ́fíìsì wọn. Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ bi yín. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé rárá, ẹ kọ́kọ́ bá Níní débẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́.

Rashidat