Olóògbé Lórí Orúkọ Alààyè

Ọ̀yọ́, Ọjọ́bọ̀, oṣù kọkànlá, 1988

Mo ṣe àṣìṣe ńlá kan lónìí ní ilé ìtẹ̀wé mi.

Káàdì ìkórè tí ìjọ Aládùúrà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbé wá ni. Ọ̀rọ̀ inú wọn ò yàtọ̀, orúkọ nìkan là ń pààrọ̀: a ó tú férémù tó di àwọn lẹ́tà mú, a ó yọ lẹ́tà orúkọ kan, a ó to òmíràn, a ó tún fún un pinpin kó má baà yẹ̀. Mo tẹ ti Olóògbé Ìyá Ìjọ, tí wọ́n fẹ́ fi rántí wọn. Bàbá Ìjọ ló gbẹ̀yìn. Mo yọ orúkọ ìyá, mo to ti bàbá, mo sì fi "Olóògbé" sílẹ̀ lókè.

Sámù awakọ̀ wa ti kó wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀. Ọ̀sán ni mo fẹ́ dá lẹ́tà padà sínú àpótí, mo bá rí "Olóògbé" lókè orúkọ Bàbá nínú férémù.

Bàbá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni. Ìjọ tó ń gbààwẹ̀ nítorí àlá, kí ni wọ́n máa rò sí èyí? Tí nǹkan bá ṣe Bàbá báyìí, èmi ni wọ́n máa...

Ìrọ̀lẹ́ ni Sámù padà dé sí ilé ìtẹ̀wé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo bi í bóyá Bàbá rí káàdì wọn.

"Wọ́n rí i, ọ̀gá. Wọn ò bínú. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn tan àbẹ́là, wọ́n sì wọlé lọ dùbúlẹ̀. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́."

Mo ti kúnlẹ̀. Mi ò bẹ Ọlọ́run fún ara mi. Kí ilẹ̀ ṣáà mọ́ bá Bàbá.