Umduze Ìyá Mi Ti Bímọ

Ntombenhle, ọmọ ọmọ mi,

Búrọ́ọ̀ṣì ìkunjú rẹ tó sọnù lóṣù tó kọjá, èmi ìyá ìyá rẹ ni mo jí i. Má bínú. Mo fi kun òdòdó umduze lójú, ó sì ti bímọ láàárọ̀ yìí. Níṣojú mi ni èso náà bẹ́, kóró mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n rí rògbòdò bí àlùbọ́sà kéékèèké.

O mọ̀ pé òun nìkan ló kù nínú èyí tí ìyá mi gbìn, ìdí rẹ̀ sì ti ń rà. Ọdún méjì ni mo fi ń bu lẹ́búlẹ́bú òdòdó ẹnu ọ̀nà sí i, kò lóyún. MaNgubane aládùúgbò wa ní, "Ìyá arúgbó, agbẹ̀bí òdòdó, àgàn lo gbé sílé." Irọ́ ni. Èmi ni mo gọ̀. Ọmọ tó hù nídìí òun fúnra rẹ̀ ni ti ẹnu ọ̀nà yẹn, òun ni mo sì fi ń ṣe ọkọ fún un, èmi tí n kò jẹ́ fẹ́ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé mi láéláé. Ìgbà tí mo yọ́ lọ bu lẹ́búlẹ́bú umduze ti MaNgubane ni oyún dúró.

Mo lọ bu iyẹ̀pẹ̀ létí odò. Má sá àwọn kóró náà sóòrùn, má sì bomi sí wọn.

Mo ti pariwo débi pé MaNgubane á ti gbọ́. Bó bá wá, tó ní bàbá ló lọmọ, sọ fún un pé màlúù ìdána tó ń sọ ọmọ di ti bàbá, ẹyọ kan kò tíì wọ ọgbà wa. Orúkọ ilé wa ni gbogbo wọn ń jẹ́.