Ọwọ́ Mi Ni Wọ́n Kà Mọ́ Ẹ̀rọ

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Arcella, ní Padova, nílẹ̀ Ítálì níbí. Kùrukùrù ti bo àdúgbò yìí mọ́lẹ̀. Ariwo tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, là ń gbọ́, a ò rí i. Ẹ bá mi kí bùọ̀dá mi àti ìyàwó wọn.

Ẹ ní mo dákẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ Bàbá Gino, arúgbó òyìnbó tí mò ń tọ́jú nílé wọn, ni. Àìsàn ti gba ẹsẹ̀ wọn àti ọwọ́ kan. Ẹnu wọn nìkan ló ṣì mú. Wọn ò lágbára láti wúkọ́ mọ́, èmi ni mò ń fi rọ́bà fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò lọ́fun wọn. Bí mo bá pẹ́ níbi tí mo ti lọ ra búrẹ́dì, wọ́n á bi mí bóyá ìyàwó ni mo lọ fẹ́.

Wọ́n bẹ ìjọba pé káwọn gba oògùn táwọn á fọwọ́ ara àwọn mu, káwọn fi kú. Mo bá wọn jà títí. Wọ́n ní kí n wá dùbúlẹ̀ síbi táwọn wà ná, ká tó jọ sọ̀rọ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ibí ti sọ ẹni tó lè gbà á: kí àìsàn náà má gbóògùn, kí ìrora kọjá ìfaradà, kí orí onítọ̀hún pé, kó sì jẹ́ pé ìtọ́jú kan ló gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Ti ìkẹyìn yìí ni mo gbójú lé pé ìjọba ò ní gbà, torí kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń bá Bàbá mí èémí.

Lọ́jọ́ táwọn dókítà ìjọba ń bọ̀, mo fọ yàrá, mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, bí ìgbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀ níléèwé wa. Mo rò pé iṣẹ́ mi ni wọ́n wá yẹ̀ wò. Dókítà obìnrin kan bi mí pé bí mi ò bá sí ńlé ńkọ́. Mo fọ́nnu. Mo ní Bàbá ò lè rí ọ̀la láìsí mi. Dókítà náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá fi sùúrù ṣàlàyé pé lójú òfin, ọwọ́ mi náà jẹ́ ìtọ́jú tó gbé ẹ̀mí ró.

Ìdáhùn ti dé: wọ́n gbà. Bàbá Gino ní ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnu mi ṣe àwọn lóore. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ wa ní kí n kúrò nílé náà kí ọwọ́ mi lè mọ́. Mi ò lọ. Ta ni yóò máa fa ọ̀fun wọn? Bó bá dọjọ́ náà, èmi náà ni màá kọ́kọ́ tún ọ̀fun wọn ṣe, kí ohun tí wọ́n fẹ́ mu má baà há wọn.

Wọn ò tíì dá ọjọ́. Àràárọ̀ ni mò ń bi wọ́n bóyá òní ni. Wọ́n á ní kí n lọ ra búrẹ́dì ná.

Màmá, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ dàgbà láìsí ìrora. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àkànní