Ewé Tí Ẹ Ní Kí Wọ́n Gé

Bàbá àwọn ọmọ mi,

Pẹ́ńtà yín dé láàárọ̀ yìí tòun tàdá. Ó gé gbogbo ewé tí mo fi ọdún mẹ́ta tọ́ gun ògiri yàrá Ìyá yín, èyí tó ń gba oòrùn sára fún wọn. Mo bi í pé ta ló rán an. Ó ní, "Ọkọ yín ni, mà, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí n lè rí ògiri kùn." Àná lẹ ṣì bá mi bomi rin ín. Ìyẹn ló dùn mí ju ewé lọ.

Oòrùn ò tíì kàn wá lórí tí ògiri ti gbóná bí ààrò, tí Ìyá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mò ń gbé wọn lọ sílé àbúrò yín. Pẹ́ńtà ní òun ń bọ̀ lọ́la wá hú gbòǹgbò ewé náà; ẹ má jẹ́ kó hú u.

Ìyá bi mí pé ta ló gé e. Mo ní n ò mọ̀. Ẹ wá fẹnu ara yín sọ fún wọn.