Máìkì Tí Kì í Ṣetán

Màámi ọ̀wọ́n, abiyamọ tó mọ ohùn mi kí n tó lanu,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta náà ti di ọdún méjì, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó lọ síbi tí ẹ lọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mò ń kọ èyí. Mo wà nídìí tábìlì ilé ìdáná yín ní Cheverly, ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, tíì mi ti tutù, ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ, ìyàwó mi sì ti sùn lọ lórí àga pẹ̀lú ọmọ láyà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ. Ẹ ti di ìyá àgbà. Obìnrin ni, ó dúdú bíi yín, ó sì ń ké bí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ rántí pé ẹ ti kìlọ̀ fún gbogbo wa pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọmọ ní Yétúndé nítorí yín, pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó láyé yìí, ẹ ò ní padà wá bẹ̀rẹ̀ láti orí pámpáàsì. A gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Mọ́rẹ́nikẹ́ ni a sọ ọ́. Tí ẹ bá wá rọra gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láìsọ fún wa, ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Ìròyìn kejì ò ní yà yín lẹ́nu: mo ṣì ń tú máìkì. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe ni mo ṣì fi ń jẹun, àmọ́ tí mo bá ti délé, ó di ìdí àwọn máìkì ńlá ìgbohùnsílẹ̀ yẹn, àwọn tó jẹ́ pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi góòlù kùn ló ń gbọ́ ohùn nínú wọn. Èyí tí kò wọ́n ni mò ń rà. Ohùn wọn máa ń mú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó ń kọrin á máa súfèé níbi tí kò ti súfèé. Màá tú ikùn wọn, màá yọ èyí tí kò dáa, màá jó òmíràn mọ́ ọn, títí ohùn èèyàn á fi jáde bó ṣe rí lẹ́nu rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ yín, èyí tó fẹ̀ tó èèyàn ń wọ inú rẹ̀, ni mo fi ṣe ilé ìgbohùnsílẹ̀. Mi ò tíì kó aṣọ yín kúrò níbẹ̀. Ìyàwó mi rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí. Òótọ́ ni díẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tó ń gbé ariwo mì bíi aṣọ òkè yín. Àwọn tó ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń wá láti Greenbelt àti Oxon Hill, wọ́n á dúró sáàárín bùbá yín, wọ́n á sì sọ pé ibẹ̀ ń ta sánsán.

Ṣé ẹ ṣì rántí ọ̀rọ̀ òwú sípíríìtì? Ẹ̀ ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀, ẹ ò tíì bọ́ bàtà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ nu fóònù, ẹ nu rìmóòtù, ẹ nu iwájú orí mi, èmi àgbàlagbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí máìkì kan sílẹ̀ lórí tábìlì yìí, mo lọ mú sikiruduráfà nínú mọ́tò. Kí n tó dé, ẹ ti rí eruku lórí awọ góòlù náà. Ẹ fi sípíríìtì nù ún, ẹ nù ún dáadáa, bí ẹni ń múra láti gún un ní abẹ́rẹ́. Ẹ wá na òwú náà sí mi, ẹ ní kí n wo ìdọ̀tí tó wà nínú nǹkan tí mo ń gbé sẹ́nu àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Góòlù ni, Màámi. Gbogbo góòlù inú rẹ̀ ló ti lẹ̀ mọ́ òwú. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń kí yín tìbínú-tìbínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Awọ góòlù pọ̀ lọ́jà bí ilẹ̀ bí ẹní.

Ẹ̀yin náà ni mo fi ń dán gbogbo wọn wò. Tí mo bá ti jó wáyà tó kẹ́yìn, màá pè yín, ẹ ó wá dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá, ẹ ó sì béèrè bóyá ó ti tó, nítorí ata wà lórí iná. Mo ní kíkà yín nínú kọ̀ǹpútà mi rẹpẹtẹ. Mo lè fi yé ẹnikẹ́ni bí ẹ ṣe ń pe ẹ̀rin lórí máìkì kan àti bí ẹ ṣe ń pè é lórí òmíràn. Àmọ́ orin kò sí níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo. Orin ni mo ń tọ́jú de ọjọ́ tí máìkì bá ṣetán.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ Àìkú kan wà tí ẹ fúnra yín wá. Ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ ò bọ́ṣọ, ẹ jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ní ẹ ti ṣe tán láti kọrin lónìí. Mo ti tú máìkì. Mo ní kí ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé ó ku ẹ̀yà inú rẹ̀ kékeré kan, kàpásítọ̀. Ẹ ò bínú. Ẹ dìde, ẹ gbọn ìró yín, ẹ lọ ń se ìrẹsì. Ọ̀sẹ̀ náà dé, iṣẹ́ wọ iṣẹ́ fún yín. Èyí tó tẹ̀ lé e, àárẹ̀ dé. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ náà rárá, àbí èmi nìkan ni mo gbé e karí?

Mo ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ayọ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín, Màmá Mọ́kọ́lá, ló wá láti Ìbàdàn wá bá wa wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò. Wọ́n bá ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ jà títí, wọn ò gbà pé abọ́ tí ọwọ́ ò kàn lè mọ́. Tí ẹ̀rọ bá fọ̀ ọ́ tán, wọ́n á tún un fọ̀. Láràárọ̀, wọ́n á jókòó sórí àpótí nínú bálùwẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, wọ́n á tẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ sórí rẹ̀, wọ́n á fi òrí pa á lára, wọ́n á na apá, wọ́n á fa ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mò ń gbé omi gbígbóná kún omi wọn ni mo gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ:

Ta ló jókòó sínú omi bí ọba?
Mọ́rẹ́nikẹ́ ni.
Ta ló ń rẹ́rìn-ín tí kò ní eyín?
Mọ́rẹ́nikẹ́ ni.

Mo dúró gbagidi pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Orin tí ẹ fi wẹ̀ mí ni. Ohùn rẹ̀ ló kù lórí mi, mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pátápátá. Màmá Mọ́kọ́lá ní ẹ̀yin lẹ fi orí ara yín ṣe é, nílé àwọn, nígbà tí ẹ bí mi, pé ẹnu yín ni àwọn ti kọ́ ọ. Ẹ ò sọ fún mi rí pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Kí ló dé?

Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì ti sọ pé àwọn ò tún ní wọ bàálù mọ́ láyé. Àárọ̀ Sátidé, èyí tó kọjá lánàá yìí, ni wọ́n máa lọ. Mo wá pinnu pé orin yẹn ò ní bá wọn lọ kí n tó gbà á sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo mú wọn wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n fi hẹ́dífóònù lé orí gèlè, wọ́n kí máìkì pé ẹ káàárọ̀, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n wá kọ orin náà bí ẹni ń ka ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo gbé e sí i fún wọn, àwọn fúnra wọn mi orí. Wọ́n fi ìka kan máìkì náà níkùn.

“Ọmọ ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Èyí ò lápá tí mo fẹ́ nà, kò lẹ́sẹ̀ tí mo fẹ́ fà.”

Ó túmọ̀ sí pé máìkì ló máa lọ bá wọn ní bálùwẹ̀. Irú máìkì yìí àti ooru omi kì í ṣọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti ara mi mọ́ bálùwẹ̀, mo ṣí omi gbígbóná sílẹ̀, mo jókòó sórí ìdérí àwo ìgbọ̀nsẹ̀, mo ń gbọ́. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta páà páà bí ẹ̀fọ́ tútù nínú epo gbígbóná. Ìyàwó mi kan ilẹ̀kùn, ó ní irú ìwẹ̀ wo ni mò ń wẹ̀ tí mi ò tíì bọ́ṣọ. Èmi ni mo jẹ̀bi: òjé tí mo fi jó wáyà ló fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jẹ́ ẹlẹgẹ́ jù lọ, ìdọ̀tí náà ló ń fa omi mọ́ra. Ohun tó máa ń ṣí i kúrò ni sípíríìtì. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ yín, mo rí páálí òwú yín tó ṣẹ́ kù, mo bú sẹ́rìn-ín lémi nìkan. Mo nù ún dáadáa. Lọ́jọ́rú, kò ta páà páà mọ́.

Ṣé ó yẹ kí n dúró síbẹ̀? Ẹ mọ̀ mí. Lọ́jọ́bọ̀, mo gbọ́ pé tí omi bá dà, ara máìkì náà máa ń dún bíi kẹ́túlù, ni mo bá bọ́ èèpo irin rẹ̀, mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú èèpo náà. Ara agolo gọ́ọ̀mù ni mo ti kà á pé ó máa tó odindi ọjọ́ kan kó tó gbẹ. Ìwẹ̀ tó kẹ́yìn sì rèé, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni.

Láàárọ̀ Ẹtì, gọ́ọ̀mù ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Mo lọ bẹ Màmá Mọ́kọ́lá pé kí wọ́n jẹ́ ká sún ìwẹ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ara ọmọ kì í dúró de ẹ̀rọ, àti pé ní ìrọ̀lẹ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wá kí àwọn pé ó dàbọ̀. Mo ní kò burú, tí wọ́n bá délé, wọ́n lè kọ ọ́ sí mi lórí fóònù, mo kàn fẹ́ kí máìkì yìí ṣetán ná. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ̀ẹ̀lì ọmọ léjìká. Oxon Hill ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kì í gùn, àmọ́ èyí tó ní tó o.

“Babe, it's never going to be ready. Bó o ṣe ṣe Mummy náà nìyẹn. Gbé e wá bó ṣe wà, please.”

Inú bí mi, Màámi. Ó bí mi títí mo fi gun àtẹ̀gùn dé òkè, níbi tí mo ti rí i pé kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ. Máìkì tí kò ní èèpo máa ń kùn bí oyin, ni mo bá fi téèpù wé e, mo tún fi bébà fàdákà ilé ìdáná wé e lórí, mo so ó mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà bálùwẹ̀. Màmá Mọ́kọ́lá wo ẹja tí mo wé yìí, wọ́n béèrè ìgbà tó máa jinná, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di etí agbada omi mú.

Ohun gbogbo tí mi ò fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ó ń kùn. Ọkọ̀ ojú irin kọjá. Mọ́rẹ́nikẹ́ sín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín ò tíì tán lọ́fun ẹ̀gbọ́n yín nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ ní kọ́ríńdọ̀, hẹ́dífóònù létí, mo gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ.

Wọ́n fi orúkọ Mọ́rẹ́nikẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbé apá ọmọ sókè, wọ́n di ojú, ọkàn wọn ti lọ síbòmíràn. Wọ́n béèrè ta ló jókòó sínú omi bí ọba, orúkọ mi ni wọ́n fi dáhùn. Wọn ò mọ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu yín nígbà náà lọ́hùn-ún ló jáde. Tí omi bá ń dà, ohùn wọn ò sì yàtọ̀ sí tiyín, mo búra. Wọ́n béèrè ta ló ń rẹ́rìn-ín tí kò ní eyín. Wọ́n tún pè mí.

Lánàá ni a sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì ti délé láyọ̀. Láti ìgbà tí mo ti padà, ó ti tó ìgbà mẹ́jọ tí mo ti gbọ́ orin náà. Tí ẹ bá tẹ́tí sí i dáadáa, lẹ́yìn orúkọ mi lẹ́ẹ̀kejì, kí omi tó tún dà, ẹ ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó jìnnà díẹ̀ sí máìkì. Mi ò mọ̀ pé mo lanu rárá.

“Mà,” ni mo wí.

Tiyín tọkàntọkàn,
Ọmọ tí ẹ wẹ̀ tó mọ́